Àwọn Àlejò Àgbàlá Wa: Ẹyẹ àti Ẹranko Kéékèèké Tí Ń Bá Wa Gbé

Kí ìró ìgbálẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá, kí ẹnikẹ́ni tó dá iná àkàrà, àwọn ẹyẹ ti jí. Àkùkọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà sí, nítorí pé àwa ni a rà á, àwa ni a sì ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé àpótí jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà òwúrọ̀, tí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, yóò gbọ́ ohùn oríṣi ẹyẹ mẹ́fà tàbí méje tí kò sí ẹni tí ó rà wọ́n, tí kò sì sí ẹni tí ó ń bọ́ wọn.

Nípa àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin tí a ń ka ìwé yìí sí létí nínú yàrá ìkàwé, sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oko, kì í sì í ṣe ti igbó kìjikìji. Ti àgbàlá ilé ni. Ẹni tí ó ní igi ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ibi tí a ń sá aṣọ sí lọ, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Kì í ṣe àwa ni a ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ọdún 1960, ọ̀gbẹ́ni J. H. Elgood, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àwọn ẹyẹ inú ìlú àti inú ọgbà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ṣe àpèjúwe ẹyẹ kan fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1958, ẹyẹ dúdú tí orí àti àyà akọ rẹ̀ pọ́n bí iná, tí a kò sì tíì rí níbikíbi ní ayé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́: Malimbus ibadanensis ni ó ń jẹ́ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ẹyẹ náà bá ẹ̀gà tan. Ó ti di ọ̀wọ́n nísinsìnyí, nítorí igbó tí a pa run, wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu. Ọ̀kan nínú ibi tí ó kù sí ni igbó tí ó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, tí ó wà nínú ọgbà iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn. Mélòó nínú àwa tí a ń fi Ìbàdàn yangàn ni ó mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú náà?

Nínú gbogbo ẹyẹ àgbàlá, ẹ̀gà ni ó yẹ kí a fi ṣáájú, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti wò. Akọ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹyin orí ata dindin, orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì pupa. Abo kò ní ẹ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀. Akọ ni ó ń kọ́ ilé. Yóò bà sí etí imọ̀ àgbọn tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò fi àgógó rẹ̀ gé etí ewé náà díẹ̀, yóò sì dì í mú kí ó tó fò. Bí ó ti ń fò lọ ni ewé ń ya tẹ̀ lé e ní tẹ́ẹ́rẹ́. Òrùka ni ó kọ́kọ́ ń hun, tí yóò dúró sí àárín rẹ̀ bí ahunṣọ ti ń jókòó sí ìdí òfì. Láti inú òrùka yìí ni yóò ti hun ẹ̀yìn, tí yóò hun iwájú, tí yóò sì fi ẹnu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, yóò dorí kodò lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, yóò máa gbọn ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, kí abo tí ń kọjá lè yà wá wo ilé.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí abo tí ń wọlé, tí ń fa okùn ewé yìí wò, tí ń fa tọ̀hún wò, tí ó sì lè jáde láìdágbére. Bí ilé náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun ni yóò fi koríko rírọ̀ àti ìyẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, yóò sì yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta sí i. Bí ilé bá wà bẹ́ẹ̀ láìní ìyàwó títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ a máa tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, a sì hun òmíràn sí ojú ibi kan náà. Ìtẹ́ tí ẹ máa ń rí nílẹ̀ lábẹ́ igi, tí àwọn ọmọ ń fi ṣeré, púpọ̀ nínú wọn ni ilé tí ìyàwó kọ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ẹyin ẹ̀gà kò jọra. Ti òmíràn funfun, ti òmíràn dàbí aró tí a fi omi là, ti òmíràn ní àmì tótòtó. Ṣùgbọ́n irú kan náà ni abo kọ̀ọ̀kan ń yé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹyẹ olè kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tútù, tí kì í kọ́ ilé tirẹ̀, tí ń yé ẹyin sí ìtẹ́ ẹ̀gà kí ẹ̀gà lè bá a tọ́mọ. Nítorí pé abo ẹ̀gà mọ àwọ̀ ẹyin ara rẹ̀, yóò ju ti àjèjì síta. A kó ẹ̀gà láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé erékùṣù tí Haiti wà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú ọkọ̀ òkun tí ó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ni wọ́n bá lọ. Ẹyẹ olè yẹn kò sí lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹyin ẹ̀gà ibẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àmì ìdánimọ̀ náà ti ń pòórá: ẹyin abo kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì mọ́ bí ó ti rí nílé.

N kò ní fi ẹ̀bi ẹ̀gà pamọ́. A máa bo imọ̀ àgbọn àti ti ọ̀pẹ títí tí yóò fi ku ọ̀pá lásán, igi tí a bá sì bó ní ewé kò lè so dáadáa. A máa jẹ ọkà bàbà àti ìrẹsì nínú oko. Àgbẹ̀ tí ó ń lé e kúrò lóko kò ṣẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n bo ọ̀kan nínú igi àgbọn mi, mo sì bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò gun igi náà, tí yóò sì fi àdá gé ìtẹ́ wọn dànù tẹyin tọmọ. Ìyá àgbà kan tí ilé wọn kángun sí tiwa bá wa níbẹ̀.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, igi àgbọn mélòó ni ó wà níbí?”

Mo ní, “Mẹ́ta ni, Ìyá.”

“Mélòó ni ẹ̀gà wà lórí rẹ̀?”

“Ẹyọ kan ni, Ìyá.”

“Ṣé méjì kò wá lè bọ́ ilé rẹ ni? Ilé tí ẹ̀gà bá sá kúrò nínú rẹ̀, èmi kì í fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá.”

Mo fún agungi náà ní owó ọkọ̀, ó sì padà lọ. Láti ọjọ́ náà ni igi kan ti jẹ́ ti ẹ̀gà. Kò so bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé ó so. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti kọ́ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sókè yìí, lójú ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ kì í sì í ṣe asán. Ẹ̀gà fẹ́ràn ibi tí ènìyàn pọ̀ sí, nítorí pé ariwo wa a máa lé ejò àti àwòdì sẹ́yìn. Ilé tí ènìyàn ti kúrò, òun náà kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ní báyìí, kí ni ènìyàn lè ṣe kí ẹyẹ lè máa wá sí àgbàlá rẹ̀? Omi ni ó ṣe pàtàkì jù, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, nígbà tí odò kéékèèké bá gbẹ. Kò gba owó. Ẹ wá àpáàdì ńlá kan, irú èyí tí ó kù nínú ìkòkò omi tí ó fọ́, tí kò jìn ju ìka méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ gbé e ka orí kùkùté tàbí òkúta, ní ibi tí ó ṣí sílẹ̀ kí ológbò má lè lúgọ tì í. Ẹ fi òkúta kan sí àárín rẹ̀ kí ẹyẹ tí ó kéré lè rí ibi dúró sí. Àdàbà ni yóò kọ́kọ́ wá, yóò ki àgógó rẹ̀ bọ omi, yóò sì máa fà á láìgbé orí sókè, ohun tí adìẹ kò lè ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ológoṣẹ́ yóò dé, àti ẹyẹ kan tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí orí rẹ̀ dúdú díẹ̀, tí ó sì máa ń sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ìlú yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó yóò bi mí léèrè nípa ẹ̀fọn, wọ́n sì jàre. Ẹ da omi náà nù lójoojúmọ́, kí ẹ sì bu òmíràn. Ẹyin ẹ̀fọn a máa lo bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi kí ó tó di ẹ̀fọn tí ń fò, nítorí náà omi tí a ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ kò lè bí ẹyọ kan. Agolo àti táyà tí ó wà lẹ́yìn ilé ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù.

Ní ti oúnjẹ, igi ni kí á gbìn, kì í ṣe pé kí á máa da èérún búrẹ́dì sílẹ̀. Ẹ fi ìbẹ́pẹ kan tí ó pọ́n sílẹ̀ lórí igi. Bí ìyeyè tàbí odán bá wà ní àgbàlá yín, ẹ kò nílò ohun mìíràn, nítorí pé èso odán nìkan a máa pe ẹyẹ jọ bí ìpàdé ọjà. Òdòdó ìbísíkọ́ọ̀sì àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò pe àwọn ẹyẹ kékeré tí àgógó wọn gùn, tí ó sì tẹ̀ bí dòjé, tí wọ́n ń fa omi dídùn inú òdòdó mu. Bí oòrùn bá kọ lu akọ wọn, ẹ ó rò pé góòlù tàbí aró ni a rẹ ìyẹ́ rẹ̀ sí. Labalábá yóò bá wọn dé.

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro. Òwìwí. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, òwìwí kan wà nínú àjà ilé ẹ̀kọ́ wa, àwa ọmọkùnrin mẹ́rin sì fi òkúta pa á ní ọ̀sán gangan, nítorí a ti gbọ́ pé ẹyẹ àjẹ́ ni. Wọ́n yìn wá. Nígbà tí a gun inú àjà náà láti lọ wò ó, a bá òkìtì ohun dúdú kan tí ó gbẹ bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ. Olùkọ́ wa fi igi tú u. Irun eku àti egungun ni ó kún inú rẹ̀, orí eku kéékèèké tí eyín wà lẹ́nu wọn síbẹ̀. Òwìwí a máa gbé eku mì lódindi, a sì pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde. A ka orí eku mọ́kànlélógún kí ó tó rẹ̀ wá. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí baba rẹ̀ sọ fún un nípa òwìwí. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi kà ni mo ń sọ.

Kí ẹ má sì rò pé eku jíjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Àrùn ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, láti ara eku ilé kan báyìí ni ó ti ń bá ènìyàn, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá kan oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ pàápàá, wà lára àwọn ibi tí ó ti ń pa ènìyàn jù ní ilẹ̀ wa. Òwìwí kò lè dípò ìmọ́tótó. Gàrí gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí a dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa òwìwí ti pa ẹni tí ó ń bá a ṣọ́ ilé lóru láìgba owó.

Igún ń kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún bí èmi, ẹ ó rántí bí igún ṣe máa ń tò sórí páànù ọjà àti ibi tí a ti ń pa màlúù. Ẹ wo òkè lónìí. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ àgbáyé kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ewu ìparun wọn sún mọ́ jù lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ń pa á fún oògùn ìbílẹ̀, ó sì ń jẹ òkú ẹran tí májèlé wà nínú rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ mi kò tíì rí ẹyọ kan láti sún mọ́.

Májèlé yìí wà ní ilé wa náà. Ẹni tí ó fi májèlé pa eku, tí òwìwí sì gbé eku náà jẹ, ó ti pa méjì pọ̀. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré apakòkòrò dichlorvos ní ọjà gbangba, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni; ẹyẹ àti oyin náà jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí á má ṣe fọ́n apakòkòrò sí òdòdó. Bí kòkòrò bá wà lára ẹ̀fọ́, ẹ fi ọwọ́ ṣà á kí ẹ dà á fún adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi kíákíá mẹ́nu kan àwọn tí kò ní ìyẹ́. Ọmọńlé kò ní oró, kì í sì í ba oúnjẹ jẹ́ bí oúnjẹ bá ní ìdérí. Ẹ̀fọn àti aáyán ni ó ń wá lára ògiri. Ọ̀pọ̀lọ́ tí ó jókòó sábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà ń jẹ kòkòrò tí ì bá wọlé tọ̀ yín wá. Ẹ fi í sílẹ̀, bí ọmọdé bá sì fọwọ́ kàn án, kí ó fọ ọwọ́. Alángbá akọ tí orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ó ń mi orí láti orí ògiri, ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ fún alángbá kejì. Àdàn tí ń pariwo lórí igi máńgòrò lóru a máa gbé èso ìrókò jìnnà réré, ó sì ń ya irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ìrókò tuntun ṣe ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni a mọ̀ mọ́ àwọn igi ibẹ̀. Kí á máa wò ó lókèèrè ni o: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ mú un, kí ọmọdé má sì jẹ èso tí ó jẹ kù.

Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tí ẹ̀yin náà yóò béèrè: “Bí a bá fi igbó sílẹ̀ fún ẹyẹ, ejò ń kọ́?” Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. A gbọ́dọ̀ gé koríko mọ́lẹ̀ yí ilé ká, bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kí a má sì to igi ìdáná ti ògiri. Ibi tí a ó fi sílẹ̀ fún ewéko ni ìkángun ọgbà. Eku ni ejò máa ń tẹ̀ lé wọlé, nítorí náà ilé tí kò sí eku nínú rẹ̀ kò wu ejò. Bí ó bá sì bu ènìyàn jẹ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta òkúta lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí lékèélékèé kọ́kọ́ dé nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, àti ọjọ́ tí ó padà sí òkè ọya nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀. Odíderẹ́ ni kí wọ́n má ṣe tọrọ láti sìn: ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò ní Johannesburg pé kí á dẹ́kun kíkó odíderẹ́ inú igbó tà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni ti alápáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń fi amọ̀ kọ́ ilé sábẹ́ òrùlé, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń já sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ṣe wó ilé rẹ̀. Ẹ̀fọn àti eṣinṣin ni ó ń jẹ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nínú ìbátan rẹ̀ ni àwọn kan wà tí ń ti Yúróòpù wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa. Lórí òkè Ebbaken ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, a ti fojú díwọ̀n àwọn tí ń sùn pọ̀ síbẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Tiwa tí ó wà lábẹ́ òrùlé kò ju méjì lọ. Ẹ kan pákó kan mọ́ ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ìtẹ́ náà, kí ó máa gba ìgbẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá ti fò tán, ẹ sọ pákó náà kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí ẹ bá gbá lórí rẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.